Kẹ́ Ẹ Tó Fi Èèyàn Kan Ṣoṣo Sínú Àwòrán Ilẹ̀, Ẹ Bi Í Pé Kí Ló Wá Ṣe Níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a máa ń ya òkè, odò, igbó àti àwókù ilé, bá a bá ti yà á tán tá a wá rí i pé ojú ẹ̀ ṣófo, kíá la máa mú èèyàn kan fi síbẹ̀. Ọkùnrin kékeré kan tó gbé ọ̀pá dání, tàbí obìnrin kan tó ru ẹrù, ó parí. A ó ní kó lè fi bí òkè yẹn ṣe ga tó hàn ni. Òótọ́ ni, ó máa ń fi ìyẹn hàn, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan ló ń sọ o. Gbàrà tí èèyàn bá ti dé inú àwòrán, ẹni tó ń wò ó á ti máa bi ara ẹ̀ láwọn ìbéèrè kan láìmọ̀: ta nìyí, ta ló ni ilẹ̀ tó dúró sí, kí ló dé tó fi dá wà, ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe ni àbí ó kàn jókòó. Bó ṣe rí nìyẹn látìgbà táwọn òyìnbó England ti ń ya irú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní picturesque yìí (ìyẹn ilẹ̀ tó rí bí ohun tó yẹ kéèyàn yà) láyé àwọn ọdún 1770 sókè, ibẹ̀ náà ni mo sì ti máa mú àpẹẹrẹ, torí pé wọ́n kọ òfin ẹ̀ sílẹ̀, àwọn àwòrán wọn sì wà níta tí gbogbo èèyàn lè lọ wò.

Mo fẹ́ẹ́ to bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é síbí, látorí pépà òfìfo títí dìgbà tí èèyàn yẹn á fi dúró dáadáa. Mo máa pẹ́ níbì kan ju ibòmíì lọ o, ẹ má bínú.

Ohun tẹ́ ẹ máa lò ò pọ̀: pépà A4 tó nípọn (èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkópì á ká kò bómi bá kàn án), pẹ́ńsù HB, 2B àti 4B, ìrésà, búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan tẹ́nu ẹ̀ ṣóńṣó, àti ọ̀dà olómi aláwọ̀ búráùn kan ṣoṣo. Ẹ má lọ ra páálí ọ̀dà olówó gọbọi. Àwọ̀ kan tó fún iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kẹ̀yìn sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ yà

Mo mọ̀ pé ó jọ àwàdà. Àwọn arìnrìn-àjò ayé ìgbà yẹn máa ń gbé dígí kékeré kan káàkiri, dígí dúdú tí ojú ẹ̀ yọ síta díẹ̀, Claude glass lorúkọ ẹ̀, wọ́n fi orúkọ Claude Lorrain pè é, ayàwòrán ọmọ Faransé tó lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé ẹ̀ ní Róòmù tó sì kú síbẹ̀ ní 1682. Wọ́n á kẹ̀yìn sí òkè, wọ́n á gbé dígí sókè síwájú ara wọn, wọ́n á wá máa wo òkè náà nínú dígí, torí pé nínú ẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ á pòórá, ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀ nìkan lá kù.

Kò sí pé ẹ̀ ń wá irú dígí yẹn kiri. Fóònù yín tẹ́ ẹ bá ti pa iná ojú ẹ̀, ó ti di dígí dúdú nìyẹn. Ẹ nu epo ìka kúrò lójú ẹ̀, ẹ kẹ̀yìn sí odò tàbí òkè náà, ẹ gbé fóònù sókè sí apá kan kí orí yín má bo ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ariwo inú ibẹ̀ ti lọ. Ẹ sáré ya ibi mẹ́ta péré: ibi tó dúdú jù, ibi tó mọ́lẹ̀ jù, àti ibi tó wà láàrin méjèèjì.

Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan nínú dígí yẹn o. Tẹ́nì kan bá ń kórè lẹ́yìn yín, nínú dígí ó ti di èérún dúdú kékeré kan, ẹ ò rí òógùn ẹ̀, ẹ ò gbóhùn ẹ̀, òun náà ò sì mọ̀ pé ẹ̀ ń wo òun. Bí irú àwòrán yìí ṣe máa ń bá èèyàn lò nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi tí ayàwòrán bá dìídì ṣe é lọ́nà míì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín ilẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún àlejò

William Gilpin ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Àlùfáà ni, ó sì ti ṣe ọ̀gá iléèwé rí. Ó rìnrìn àjò lórí odò Wye, lápá ibi tí England àti Wales ti pààlà, ní 1770, ìwé tó kọ nípa ẹ̀ jáde ní 1782. Ó ní mẹ́rin ni ohun téèyàn ń rí lórí odò pín sí: odò fúnra ẹ̀, etí odò tó dí apá ọ̀tún, èyí tó dí apá òsì, àti ohun tó dí iwájú níbi tí odò ti ṣẹ́rí. Ẹ fi HB ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ má tẹ ọwọ́. Ìsàlẹ̀ pépà ni kó dúdú jù, ohun tó bá jìnnà ni kó mọ́lẹ̀ jù, nígbà tẹ́ ẹ bá dà á láwọ̀.

Kẹ́ ẹ wá fi ibì kan tó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, lápá ọ̀tún tàbí òsì, kì í ṣe àárín gbùngbùn. Ibẹ̀ lèèyàn yín ń bọ̀. Àwọn tó máa ń ya gbogbo igi àti koríko tán kí wọ́n tó wá àyè fún èèyàn, èèyàn yẹn máa ń jọ ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn ni.

Gilpin yìí ò fẹ́ràn ohun tó bá gún régé o. Nígbà tó dé àwókù ilé ìsìn àwọn mọ́ǹkì ní Tintern, létí odò Wye náà, ó ní orí ògiri ẹ̀ gún jù fún àwòrán, pé tẹ́nì kan bá lè fi òòlù fọ́ ọ díẹ̀ níbi tó yẹ, á dáa sí i. Àlùfáà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbésẹ̀ 3: Kí ni èèyàn yẹn wá ṣe?

Ibí ni kẹ́ ẹ ti jókòó pẹ́, torí pé ohun tẹ́ ẹ bá fi dáhùn níbí ló máa sọ bó ṣe máa dúró, ohun tó máa gbé dání, ibi tó máa wà, àti bó ṣe máa tóbi tó. Ẹ kọ ìdáhùn náà sí ẹ̀yìn pépà kẹ́ ẹ tó yà á. Gbólóhùn kan ti tó: "Ó ń lọ sílé láti oko ẹlòmíì." "Ó ń wá màlúù tó sọnù." "Ó wá sinmi." Ẹ má kọ "ó wà níbẹ̀ fún ẹwà", torí pé kò sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ tó ń lọ sórí òkè láti lọ ṣe ẹwà fún ẹlòmíì.

Nínú ìwé míì tí Gilpin ṣe, èyí tó jáde ní 1786 nípa agbègbè àwọn adágún omi ní àríwá England, ó sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní tó bá jẹ́ ti ìwà ni, oníṣẹ́ ọwọ́ tó múra síṣẹ́ dáa ju ará oko tó ń jẹ̀ kiri lọ, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ àwòrán, ó yàtọ̀: darandaran ọ̀lẹ tó fara ti ọ̀pá ẹ̀, tàbí ará oko tó nà gbalaja sórí àpáta, wọ́n lè wà níbi tó lẹ́wà jù lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tòun ti irinṣẹ́ ẹ̀, kó gba ibòmíì lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ayé ìgbà yẹn, àwọn tálákà kàn jókòó ni, wọ́n ń wo ọ̀kánkán, ọwọ́ wọn dilẹ̀.

Ẹ wá gbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú lákòókò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀ tí gbogbo ará abúlé ti ń da ẹran jẹ̀ látayébáyé, tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi, ni wọ́n ń fi òfin ṣọgbà yí ká, tí ó ń di ti ẹnì kan. Láàrin 1604 sí 1914, irú àbá òfin bẹ́ẹ̀ tó gba ilé aṣòfin wọn kọjá lé ní 5,200, ilẹ̀ tí wọ́n sì kàn tó mílíọ̀nù 6.8 éékà, ìyẹn ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ England lọ díẹ̀. Àárín kan náà yìí tí darandaran ń pàdánù ibi tó ti ń da ẹran ni wọ́n ń yà á bí ẹni tí ò ní wàhálà kankan láyé, tó fara tì ọ̀pá. Mi ò sọ pé gbogbo ayàwòrán ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, èmi ò rò bẹ́ẹ̀, ohun tó bá wù àwọn tó ń ra àwòrán ni ọ̀pọ̀ wọn ń yà.

Wọ́n lè má fi èèyàn síbẹ̀ rárá náà, ìyẹn gan-an lọ́rọ̀ tó ń sọ. Thomas Gainsborough ya tọkọtaya kan, Mr àti Mrs Andrews, ní nǹkan bí 1750, ó wà ní National Gallery, ilé àkójọ àwòrán kan ní London. Ìyàwó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ọkọ gbé ìbọn sábẹ́ abíyá, oko ọkà wọn wá tẹ́ lọ rẹrẹ, wọ́n ti gé e, wọ́n ti dì í, wọ́n ti tò ó dúró. Ta ló gé e? Kò sẹ́nì kankan nínú oko yẹn. Ẹ wò ó títí, ẹ ò ní rí oníṣẹ́ kan.

Kí ló dé tó tiẹ̀ fi ń jẹ́ ẹnì kan tàbí èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́? Iye pàápàá wà nínú òfin àwòrán wọn: Gilpin ní màlúù méjì ò lè wà pọ̀ kó dùn ún wò, ó kéré tán kó jẹ́ mẹ́ta. Bá a bá dé orí àwọn tálákà, èmi gbà pé ìdí míì tún wà. Ìdìtẹ̀ ilẹ̀ Faransé bẹ́ sílẹ̀ ní 1789, ẹ̀rù sì ń ba àwọn olówó ilẹ̀ England, débi pé ní 1795 wọ́n ṣòfin tó dí ìpàdé tó bá ju èèyàn 50 lọ lọ́wọ́. Tálákà ọgọ́ta nínú pápá, ìpàdé nìyẹn. Tálákà kan ṣoṣo nínú pápá, ẹwà nìyẹn.

Ó yá, ta lẹ fẹ́ẹ́ mú? Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn tó wọ́pọ̀ jù wò.

Olùṣọ́-àgùntàn ló rọrùn jù, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ tó jẹ́jẹ́ jù: pé ilẹ̀ ń sinmi, pé onílẹ̀ lè lọ sí London kó fọkàn balẹ̀. Àmọ́ béèyàn bá gbọ́n, ó ṣì lè ta kókó sí i. John Constable ya ọmọdékùnrin kan sínú àwòrán oko ọkà tó gbé jáde ní 1826, òun náà wà ní National Gallery. Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ ó ń mumi nínú odò kékeré, aṣọ pupa wà lára ẹ̀, ajá ẹ̀ wà lẹ́yìn, àgùntàn ń lọ, géètì oko tó wà níwájú wọn sì ti yẹ̀ lára ìdè ẹ̀. Òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé ìyẹn yàtọ̀ sí ká kàn nà gbalaja sórí àpáta.

Obìnrin tó ru igi ìdáná tàbí ọkà, ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú tiẹ̀. Àwọn obìnrin tálákà máa ń ṣa ọkà tó bá kù sínú oko lẹ́yìn ìkórè, bíi ti Rúùtù inú Bíbélì, àṣà tó ti pẹ́ ni. Ní 1788 ni ilé ẹjọ́ sọ nínú ẹjọ́ Mary Houghton, obìnrin kan láti Timworth ní Suffolk, pé òfin ò fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ abúlé ò jáwọ́ nínú ẹ̀ náà sha. Tẹ́ ẹ bá wá ya obìnrin kan tó ń dá lọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìdì ọkà, ta ló fún un? Ṣé ó ń kánjú ni? Ṣé ó ń wẹ̀yìn? Bó bá wẹ̀yìn, àwòrán yín ti di ọ̀rọ̀ ẹjọ́, bí kò bá wẹ̀yìn, ó di àwòrán àlàáfíà, ọrùn tẹ́ ẹ yí díẹ̀ péré ló fa ìyàtọ̀.

Ẹni tó ń dá gbé inú ihò, ìyẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn olówó kan fẹ́ẹ́ ní irú ẹ̀ nínú ọgbà wọn ní tòótọ́. Wọ́n máa ń sọ ìtàn Charles Hamilton tó ni ọgbà Painshill ní Surrey, pé ó ń wá ẹni tó máa gbé ilé àdáwà tó kọ́ fún ọdún 7, tí ò ní gé irun, tí ò ní gé èékánná, tí ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó bá ṣe é parí yóò gba 700 guinea, owó England ayé ìgbà yẹn. Ìtàn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹni tó gbà á lò. Bí wọ́n bá ṣe bù mọ́ ọn, bí wọn ò bù mọ́ ọn, ẹ rí ohun tó ń sọ: dídá wà fúnra ẹ̀ ti di iṣẹ́ olówó oṣù.

Ó wá ku arìnrìn-àjò, ẹni tó wọ kóòtù tó dúró lórí òkè. Èyí táyé mọ̀ jù ni ti Caspar David Friedrich, ọmọ Jámánì, ní nǹkan bí 1818, ó wà ní Hamburg: ọkùnrin kan kẹ̀yìn sí wa, ó dúró sórí àpáta, ìkùukùu wà lábẹ́ ẹ̀. Òun náà dá wà bíi darandaran Gilpin, àmọ́ ẹ fi wọ́n wéra. Darandaran wà níbẹ̀ ká lè máa wò ó, arìnrìn-àjò yìí wà níbẹ̀ láti máa wo nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa fi yẹ èèyàn inú àwòrán yín wò, ẹ mú èyí: ṣé ó ń wò ni, àbí wọ́n ń wò ó? Aṣọ àti bàtà á tẹ̀ lé ìdáhùn yẹn fúnra wọn.

Kò sì yẹ kẹ́ ẹ gbàgbé pé ẹni tó "dá wà" lè má dá wà rárá kí ayàwòrán tàbí akéwì tó dé. Ní 1800, William Wordsworth, akéwì ọmọ England, àti àbúrò ẹ̀ obìnrin Dorothy pàdé bàbá àgbà kan lójú ọ̀nà nítòsí Grasmere, lágbègbè àwọn adágún omi yẹn. Dorothy kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sí: bàbá náà ti tẹ̀, ó bí ọmọ mẹ́wàá, ọ̀kan ṣoṣo ló kù, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa kó eṣúṣú táwọn dókítà fi ń fa ẹ̀jẹ̀, àmọ́ eṣúṣú ti wọ́n, kò sì lágbára mọ́, agbe ló ń ṣe. Nígbà tí Wordsworth sọ ọ́ dewì ní 1802, ó yọ Dorothy kúrò, ó gbé bàbá kúrò lójú ọ̀nà lọ sí etí adágún kan níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí, ó sì dá iṣẹ́ eṣúṣú padà fún un. Ewì tó dùn ni o. Ṣùgbọ́n alágbe ti di àmì ìfaradà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì rántí ibi tẹ́ ẹ̀ ń yà sí náà. Ẹ lọ fi ọkùnrin kan tó gbé ọ̀pá lé èjìká pẹ̀lú màlúù mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní Ìbàràpá lónìí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ẹ kàn fi díwọ̀n bí òkè ṣe ga tó ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Bó ṣe máa tóbi tó, àti ibi tí ojú yín wà

Ẹ fa ìlà tí ilẹ̀ àti sánmà ti pàdé, bí òkè tiẹ̀ bò ó, ẹ fà á fẹ́ẹ́rẹ́. Ìlà yẹn ni gíga ojú yín. Bẹ́ ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí èèyàn yín náà dúró lórí ilẹ̀ kan náà, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó yín, ìlà náà gbọ́dọ̀ gba ojú ẹ̀ kọjá, ì báà wà nítòsí, ì báà jìnnà réré. Bí ẹ bá ń ya ẹni tó jìnnà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa gòkè, orí ẹ̀ ò ní kúrò lórí ìlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, n'ìdí tí èèyàn inú àwòrán wọn fi máa ń jọ aràrá tàbí òmìrán.

Bí ẹ bá wà lórí òkè tí òun wà nísàlẹ̀ létí odò, ìlà á wà lókè orí ẹ̀. Bí onílé ńlá ṣe ń wo ilẹ̀ ẹ̀ láti ojú fèrèsé nìyẹn, àwọn àwòrán tí wọ́n yà fún olówó sì sábà máa ń gba ibẹ̀ wò ó. Bẹ́ ẹ bá jókòó sílẹ̀, ìlà náà á bọ́ sí àyà tàbí ìbàdí ẹni tó dúró, òun ló máa wá ga jù yín lọ. Ẹ gbìyànjú èyí: ya obìnrin tó ru igi yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wò ó látòkè, ẹ tún wò ó látilẹ̀ẹ́lẹ̀. Igi kan náà, obìnrin kan náà, àmọ́ èkejì á jọ ẹni tẹ́ ẹ máa kí.

Lórí A4 tẹ́ ẹ gbé ní ìbú, èèyàn tó wà láàrin, tí ò sún mọ́ wa tí ò sì jìnnà jù, kó ga tó sẹ̀ńtímítà kan ààbọ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́rin lọ, torí bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn á máa wá ojú, imú àti bọ́tìnì, á sì di fọ́tò ẹni náà, ilẹ̀ á wá di ohun ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yà á

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí pépà míì, tó bá dára ẹ gbé e sínú àyè tẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Orí ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo gíga ẹ̀, tó túmọ̀ sí pé lára èèyàn sẹ̀ńtímítà kan ààbọ̀, orí ò tó mìlímítà méjì. Àmì pẹ́ńsù kékeré kan ti tó. Orí tó tóbi ló máa ń bà á jẹ́, ó máa ń sọ àgbàlagbà di ọmọ ìkókó. Ẹ fa ìlà èjìká kúkúrú sábẹ́ ẹ̀, kó dagun díẹ̀, torí èèyàn tó dúró kì í sábà dúró ṣánṣán bí òpó. Láti èjìká, ẹ fa ara sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi 2B ṣe é, ẹ má ya ìlà yí i ká, ẹ kàn kùn ún. Ẹsẹ̀ kan gùn, ẹsẹ̀ kan kúrú díẹ̀: èyí tó gùn ló gbé ìwúwo ara. Ẹ má ya àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí koríko gbé e mì. Ẹ fi 4B tẹ apá tí oòrùn ò dé, ẹ fi pépà funfun sílẹ̀ lápá tí oòrùn ti ń bọ̀. Ẹ fa òjìji ẹ̀ sórí ilẹ̀, kó tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ṣe rí, bí ilẹ̀ bá dagun kí òjìji náà dagun. Láìsí òjìji, ṣe ló máa léfòó.

Ọ̀pá, ẹrù, ajá, ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ìdúró wá ṣe pàtàkì ju ohun èlò lọ. Ẹni tó ń rìn, àyà ẹ̀ máa ń ṣíwájú ẹsẹ̀ ẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó fara ti ọ̀pá, ìbàdí ẹ̀ á yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó ru ẹrù sórí, ọrùn ẹ̀ máa ń nà ṣánṣán, ìsàlẹ̀ ara ló ń mì, ìyẹn àwa ò nílò kí òyìnbó kọ́ wa. Ẹni tó ru ẹrù sẹ́yìn ló máa ń tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, bíi kó máa gé ọkà, ìdajì ara ẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ṣòro láti yà ní kékeré kí ó má jọ òkúta, torí náà ẹ fi apá kan yọ síta kí ojú ọ̀run tàn láàrin apá àti ara. Àyè kékeré yẹn ló máa sọ ọ́ di èèyàn.

Tó bá kẹ̀yìn sí wa, ó rọrùn, kò sí ojú láti yà. Ó tún máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó gba ipò ẹ̀. Fún arìnrìn-àjò ó dáa. Fún alágbe, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, ó máa ń jọ pé ayàwòrán ò fẹ́ kójú àwọn méjèèjì pàdé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìmọ́lẹ̀

Ẹ po búráùn yín mọ́mi dáadáa, ẹ fi ṣe sánmà àti ohun tó jìnnà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún po èyí tó ki díẹ̀ fún àárín, ẹ wá fi èyí tó ki jù ṣe ìsàlẹ̀. Ẹ má sáré, bí ti àkọ́kọ́ ò bá tíì gbẹ, wọ́n á dàpọ̀ di ẹrẹ̀.

Èèyàn dúdú lórí ibi tó mọ́lẹ̀, tàbí èèyàn tó mọ́lẹ̀ níwájú ibi tó dúdú, ọ̀kan nínú méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ayé Gainsborough, bẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ìsàlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn ni àwọn tálákà sábà máa ń wà, ìmọ́lẹ̀ á lọ bà lé oko tó wà láàrin tàbí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún. Ó dùn ún wò, ó sì tún jẹ́ kí àkísà ara wọn má hàn. Ẹ lè yí i padà. Ẹ fi oko sínú òjìji ìkùukùu, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀dà pupa díẹ̀, ẹ̀kán kan lára aṣọ ẹ̀ á mú ojú èèyàn débẹ̀ ní kíá, bíi ti ọmọ Constable yẹn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ju ẹyọ kan lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e kúrò, ẹ dá a padà

Humphry Repton lẹni tó ń bá àwọn olówó tún ilẹ̀ ilé wọn ṣe. Ọgbọ́n tó ń lò ni pé á ya ilẹ̀ bó ṣe wà, á wá lẹ pépà kékeré tó ṣeé ṣí mọ́ ọn. Bí ìwọ oníbàárà bá ṣí pépà yẹn, wàá rí bó ṣe máa rí tó bá ti gba owó ẹ tó ti ṣiṣẹ́ tán. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1816, ilé tiẹ̀ ló yà, ní Hare Street ní Essex. Kí wọ́n tó ṣí pépà: alágbe kan tó ti fara gbọgbẹ́ dúró lẹ́bàá ọgbà ẹ̀, àti ìsọ̀ ẹlẹ́ran tí ẹran wà lórí ìkọ́ lódìkejì. Tí wọ́n bá ṣí i: ó ti sún ọgbà ẹ̀ síwájú sórí ilẹ̀ ìta, òdòdó ti bo ẹlẹ́ran, alágbe ò sí mọ́. Ọdún kan ṣáájú ni ogun Napoleon parí, táwọn sójà ń dà wálé. Nígbà tó máa di 1824, òfin ti dé tó sọ agbe ṣíṣe àti sísùn síta di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí ẹ̀ sọni sẹ́wọ̀n.

Ẹ lo ọgbọ́n Repton yìí, kẹ́ ẹ fi yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹ gé pépà tó tó ibi tí èèyàn yín wà, ẹ ya ilẹ̀ òfìfo sórí ẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí kan. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, èèyàn yín ò tíì ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, ẹ padà sí gbólóhùn tó wà lẹ́yìn pépà. Bí ilẹ̀ òfìfo bá wá dùn ún wò jù, ẹ bi ara yín pé ta ló máa dùn mọ́, ẹni tó ń wò ó ni àbí ẹni tẹ́ ẹ yọ.

Bí ó bá jẹ́ èèyàn gidi lẹ rí níbẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kí i, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún un, ẹ bi í bóyá ẹ lè yà á. Bó bá ní rárá, ó parí nìyẹn, ẹ ya igi. Bó bá gbà tó sì dúró fún yín, ẹ fún un ní nǹkan, kẹ́ ẹ kọ ohun tó sọ pé òun ń ṣe níbẹ̀ sẹ́yìn pépà dípò èyí tẹ́ ẹ rò. Gilpin alára pàdé obìnrin kan ní Tintern, ara ẹ̀ ò dá débi pé agbára káká ló fi ń rìn, ó ní òun máa mú wọn lọ wo yàrá ìwé àwọn mọ́ǹkì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, yàrá tóun fúnra ẹ̀ ń gbé ló mú wọn wọ̀, ọ̀rinrin ń ṣàn lára ògiri. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ẹ̀, ó sì káàánú ẹ̀. Kò kọ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ bi í lórúkọ, tó bá sì fẹ́, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán, lápá ọ̀tún, níbi tí tiyín náà máa wà.